Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Òpó Ńlá Karnak Dìde Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fi Ní Dà Bí Ike

Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ nǹkan ní 3D, tún tẹ́ḿpìlì Íjíbítì àtijọ́ kọ́ mọ bó ṣe sábà máa ń parí. Òpó á dúró, ọnà á wà lára rẹ̀, oòrùn á ràn, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ á máa dán bí ike tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀pọ̀ á ní kọ̀ǹpútà àwọn ni kò lágbára. Kọ̀ǹpútà kọ́. Ìwọ̀n ló ṣì, tàbí àwọ̀, tàbí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé wọ́n ti da ohun tí wọ́n rí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n rò, débi pé àwọn fúnra wọn ò mọ èwo lèwo mọ́.

Òpó kan ṣoṣo la máa ṣe níbí, ọ̀kan nínú òpó ńlá 12 tó tò sí àárín gbọ̀ngán olópòó tẹ́ḿpìlì òrìṣà Ámúnì ní Karnak, ní Luxor. Òpó 134 ló wà nínú gbọ̀ngán yẹn. Ẹ fi 133 yòókù sílẹ̀ ná títí ọ̀kan yìí á fi yege.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

Laptop tí RAM rẹ̀ kò dín sí 8 GB. Blender, láti ẹ̀dà 4 sókè. Krita tàbí GIMP fún yíya àwòrán. JSesh, tí wọ́n fi ń tẹ àwọn àmì ìkọ̀wé Íjíbítì. Kò sí èyí tí wọ́n ń gba owó fún nínú wọn. Ẹ ṣí tábìlì kan sílẹ̀ nínú Excel tàbí LibreOffice pẹ̀lú; àǹfààní rẹ̀ máa hàn tó bá yá.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ lọ sórí ìkànnì University of Memphis tó dá lórí gbọ̀ngán olópòó yìí, níbi tí wọ́n ti ń ya ọnà ara ògiri àti ti òpó, tí wọ́n sì ń túmọ̀ wọn. Ẹ wá àwọn àwòrán ńláńlá tí Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ̀ jáde láàárín 1849 sí 1859, àti ti Description de l'Égypte tí àwọn ọ̀mọ̀wé tó bá Napoleon lọ yà. Àwọn méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Digital Karnak ti UCLA dára fún mímọ ohun tí ọba kọ̀ọ̀kan fi kún tẹ́ḿpìlì náà.

Ẹ ṣọ́ra: iṣẹ́ àtúnkọ́ tí ẹlòmíì ti ṣe kì í ṣe ẹ̀rí. Àbá tirẹ̀ ni. Tí ẹ bá ṣe àdàkọ rẹ̀, ẹ ti jogún àṣìṣe rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wà.

ÌPELE 1: Ẹ MÚ ÀSÌKÒ KAN

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ kí wọ́n tó ṣí Blender rárá. Sẹ́tì Kìíní, tó jọba láti bíi 1290 sí 1279 ṣáájú ìbí Krístì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fín ọnà sí apá àríwá gbọ̀ngán náà. Rámésésì Kejì ọmọ rẹ̀, láti 1279 sí 1213, ló parí apá gúúsù. Ọnà Sẹ́tì yọ síta lára òkúta. Ti Rámésésì rì sínú, kódà ó ní èyí tó kọ́kọ́ yọ síta tí wọ́n padà wá gbẹ́ rì. Nígbà tó pẹ́ dáadáa, Rámésésì Kẹrin wá fín àwòrán àti orúkọ tirẹ̀ sára àwọn òpó náà. Fọ́tò tí arìnrìn-àjò bá yà lónìí ti kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Tí ẹ bá ya ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, òpó yín kò ní jẹ́ ti ọba kankan.

Ohun tí mo dábàá ni ìdajì kejì ìjọba Rámésésì Kejì: gbọ̀ngán ti parí, àwọ̀ ṣì tutù, Rámésésì Kẹrin kò sì tíì dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ní October 3, 1899, òpó 11 wó lulẹ̀ nínú gbọ̀ngán yìí, Georges Legrain, awalẹ̀pìtàn ará Faransé, ló sì tún wọn tò. Iyọ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ ti jẹ ìdí ọ̀pọ̀ òpó, wọ́n sì ti fi òkúta tuntun àti sìmẹ́ńtì dí ibẹ̀. Ẹ má ya àtúnṣe ayé òde òní mọ́ iṣẹ́ Fáráò. Ìkejì ni àwọn fọ́tò aláràbarà láti Esna, Dendera, Edfu àti Philae. Wọ́n wuni lóòótọ́, pàápàá Esna tí wọ́n ti nu èéfín ara àjà rẹ̀ kúrò, àmọ́ àsìkò àwọn ọba Ptolemy àti ti Róòmù ni wọ́n, bí ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn Rámésésì Kejì. Orí ọ̀pọ̀ òpó wọn jẹ́ àdàpọ̀ ewé oríṣiríṣi, kò sí irú rẹ̀ ní gbọ̀ngán yìí. Tí ẹ bá ń wá mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn, ẹ lọ wo Medinet Habu, tẹ́ḿpìlì Rámésésì Kẹta, tó wà ní òdìkejì odò Náílì. Àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ orúkọ ọba, àsìkò àti ibi tí òpó yín dúró sí sí ìlà àkọ́kọ́ nínú tábìlì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fódà fọ́tò yín. Èyí tí ẹ ò bá lè sọ ibi tí wọ́n ti yà á àti àsìkò ọnà tó wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

ÌPELE 2: ÌWỌ̀N

Ẹ fi Blender sí Metric, kí ẹyọ kan jẹ́ mítà kan. Òpó ńlá wọ̀nyí ga tó bíi mítà 21, àyíká ara wọn sì tó bíi mítà 10. Ẹ pín 10 sí 3.14, ẹ ó rí i pé ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 3.

Àwọn tó kọ́ ọ kò mọ mítà. Ìgbọ̀nwọ́ ọba ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, tó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 52.5, tí wọ́n pín sí ìbú àtẹ́lẹwọ́ 7, tí àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìka 4. Ẹ ya ọ̀pá ìwọ̀n kan tó gùn ní 0.525 sínú iṣẹ́ yín, kí ẹ máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe. Mítà 21 á fún yín ní ìgbọ̀nwọ́ 40. Tí ìwọ̀n kan bá sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ tó pé tàbí ìdajì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà lójú ọ̀nà. Tó bá já sí 7.83, ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má tọ ìlà lórí fọ́tò tí wọ́n yà láti ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó ga máa ń sún kì lókè nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì wá gbẹ́ òpó tó tín-ín-rín lókè tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi ìwọ̀n yà láti iwájú ni kí ẹ lò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ère ènìyàn kan tó ga ní mítà 1.65 sí ìdí òpó. Òpó gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bí ìlọ́po 13 rẹ̀. Tí ère yẹn bá dà bí ẹni tó dúró ti òpó iná, ìwọ̀n ti ṣì.

ÌPELE 3: ÌRÍSÍ

Igi pápírọ́ọ̀sì ni òpó yìí ń ṣe, ìyẹn ewéko etí odò, kì í ṣe òpó Gíríìkì. Nítorí náà, kò ní ihò gbọọrọ tó ń lọ sókè sódò lára. Ara rẹ̀ dán, kí wọ́n lè rí ibi fín ọnà sí. Ìdí rẹ̀ fún wọlé díẹ̀ kó tó wú jáde, ewé onígun mẹ́ta sì bò ó ní ìsàlẹ̀ bí èèpo ṣe máa ń bo ìdí ewéko. Lókè, ọ̀já márùn-ún yí ọrùn rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ wá ṣí sílẹ̀ gbàgàdà bí òdòdó tó là. Àwọn òpó kéékèèké 122 yòókù ni tiwọn pa orí dé bí òdòdó tí kò tíì là. Ẹ má ṣe àṣìmú.

Ẹ ya ìdajì ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé orí, kí ẹ fi Screw, irinṣẹ́ inú Blender, yí i po ní dígírì 360, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 64. Ẹ wá gbé òkúta onígun mẹ́rin lé e lórí, àti òkúta ìdábùú lórí ìyẹn. Òkúta onígun mẹ́rin yìí kéré ju ẹnu òdòdó lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe é tóbi nítorí wọ́n rò pé ohun tó ń gbé ẹrù gbọ́dọ̀ hàn. Àwọn ará Íjíbítì fẹ́ kó sá pa mọ́ ni.

Ẹ ṣọ́ra: òpó yìí kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo. Òkúta iyanrìn ni wọ́n tò léra wọn. Ẹ ya ojú ìsopọ̀ wọn fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pọ̀, nítorí wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n sì ti kùn ún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé kámẹ́rà sí mítà 1.6, ibi tí ojú ẹni tó dúró wà, kí ẹ wo òkè láti ìdí òpó. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rí òkúta onígun mẹ́rin yẹn. Ńṣe ni kí òkúta ìdábùú dà bí ohun tó léfòó.

ÌPELE 4: ỌNÀ ARA ÒPÓ

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ fa seam (ìlà tí Blender máa gbà là á) kan láti òkè délẹ̀ ní ẹ̀yìn òpó, ibi tí kámẹ́rà ò ní dé, kí ẹ tú ara rẹ̀ bí ẹní tú aṣọ tí wọ́n ró mọ́ igi. Ohun tí ẹ máa rí ni pátákó tó fẹ̀ ní mítà 10. Àwòrán tí ẹ máa yà sí i gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n yẹn mu: tí ara òpó bá ga ní mítà 16, tí fífẹ̀ àwòrán sì jẹ́ pixel 4096, gíga rẹ̀ á jẹ́ 6554. Pixel kan á wá dúró fún mílímítà 2.4. Ẹni tó bá fi 4096 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìro ìwọ̀n yìí ni ọba rẹ̀ máa ń sanra lójijì.

Kí ẹ tó ya ènìyàn kankan, ẹ ya àpótí ìlà. Láyé àwọn Rámésésì, àpótí 18 ló wà láti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó dúró dé ibi tí irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, ìkúùkù ọwọ́ sì gba àpótí kan. Tí ọba yín bá ga ní mítà 1.8 títí dé ibi irun, àpótí kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn bíi pixel 41. Àpótí 21 tí ẹ lè bá pàdé nínú ìwé kan jẹ́ ti àsìkò tó pẹ́ lẹ́yìn wọn. Ẹ má lò ó níbí.

Ẹ fi JSesh tẹ àwọn àmì ìkọ̀wé, kí ẹ gbé wọn wọ Krita. Orúkọ ìtẹ́ Rámésésì Kejì ni Usermaatre Setepenre, ẹ ó sì bá a nínú òrùka gígùn tí wọ́n máa ń fi yí orúkọ ọba ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí AI ya àmì ìkọ̀wé fún yín. Ó máa ń ya ohun tó jọ ọ́ lókèèrè, tí kò sì sí ẹni tó lè kà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí i lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fọwọ́ rọ́ gbogbo iṣẹ́ yín tì.

Ẹ ṣọ́ra fún Mirror, irinṣẹ́ tó ń yí àwòrán padà bíi ti inú dígí. Ènìyàn, ẹyẹ àti ẹranko inú ìkọ̀wé yìí máa ń kọjú sí ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ láti ọ̀tún sósì tàbí láti òsì sọ́tùn-ún, àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn sì máa ń yí i padà kó lè bá ẹnu ọ̀nà mu. Nítorí náà, yíyí rẹ̀ padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni pé Mirror yí i padà, ẹ ò sì mọ̀.

Ó wá ku bí ọnà ṣe máa rì. Ẹ ṣe àwòrán kejì tó jẹ́ àwọ̀ eérú lásán: eérú àárín ni ojú òkúta, dúdú ni ibi tó jìn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé wọ́n á fi dúdú kun gbogbo ara ọba, ọba á wá di kòtò pẹrẹsẹ. Ọnà tó rì kò rí bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ jìn wọlé ṣánṣán, ara inú rẹ̀ á wá máa wú padà bọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú òkúta. Ẹ wo èjìká ọba kan dáadáa nínú fọ́tò: etí èjìká ṣókùnkùn, àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlà ẹ̀gbà ọrùn sì yọ lé e lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, dúdú ní etí, kí ó máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ sí eérú bí ẹ ṣe ń wọlé. Ẹ fi àwòrán yìí sí Bump, ibi tí Blender ti ń sọ àwọ̀ eérú di ìjìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 2, kí Color Space rẹ̀ sì jẹ́ Non-Color. Tí ẹ bá gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ìjìn rẹ̀ kò ní tọ̀nà, ẹ ó kàn máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun bo ara òpó. Gbogbo àpótí gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ọnà padà, kí ẹ tan ìmọ́lẹ̀ láti apá òsì ní ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí òsì ọnà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, kí etí ọ̀tún mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ òdìkejì, ọnà yín ti yọ síta. Ẹ fọwọ́ kan Invert nínú Bump.

ÌPELE 5: ÀWỌ̀

Karnak kò rí bí eruku nígbà ayé rẹ̀. Ilẹ̀ ọnà funfun, àwọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ wo abẹ́ àwọn òkúta ìdábùú, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ kò ti rọ́wọ́ tó o: àwọ̀ ṣì kù níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n lò kò pọ̀. Pupa àti ìyeyè wá láti inú ilẹ̀. Dúdú wá láti inú èédú. Fún funfun, ẹfun tàbí jípsọ́ọ̀mù. Búlúù ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe: iyanrìn, bàbà, ẹfun àti iyọ̀ kan tó ń mú wọn yọ́, tí wọ́n jọ sun nínú iná tó gbóná gan-an. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ní wóróbo, búlúù rẹ̀ á jìn. Tó bá kúnná, á ṣí. Ìdí nìyẹn tí búlúù kan ò fi tó fún gbogbo òpó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí, kí ẹ máa tún un ṣe bí ẹ̀rí bá ṣe wí: pupa #9B3B2A, ìyeyè #D19A3A, búlúù #2F5FA8, àwọ̀ ewé #4F8A6B, funfun #EDE6D6, dúdú #262220.

Ẹ kùn ún pẹrẹsẹ. Wọn kì í fi òjìji sínú àwọ̀ láti mú kí apá rí róbótó. Ọnà fífín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi Roughness (bí ojú rẹ̀ kò ṣe dán tó) sí 0.9, Metallic (bó ṣe jọ irin tó) sí 0. Wúrà kọ́ ni ìyeyè.

DStretch lè bá yín fa àwọ̀ tó ti ṣá yọ nínú fọ́tò. Ẹ kàn rántí pé àwọ̀ tó ń fi hàn kì í ṣe òótọ́. Ó ń sọ ibi tí ọ̀dà wà, kò sọ irú ọ̀dà tó jẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ní ọ̀nà tó dára jù fún búlúù Íjíbítì: tí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ lásán sí i, ó máa ń tàn nínú kámẹ́rà tó ń rí infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, kódà níbi tí ojú kò ti rí búlúù kankan mọ́. Tí ìròyìn irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá wà fún apá kan, ẹ fi í ṣáájú ojú ara yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé View Transform sí Standard fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá funfun yín kò mọ́lẹ̀ ju ìwé lásán tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá ń ta sí ojú, ẹ dín in kù.

ÌPELE 6: ÌMỌ́LẸ̀

Òrùlé ti wó tipẹ́, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń ya wọlé nínú gbogbo fọ́tò. Láyé Rámésésì, òkúta òrùlé bo gbogbo ibẹ̀. Òpó àárín ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ìyàtọ̀ gíga yẹn sì ni wọ́n fi ṣe fèrèsé òkè, tí wọ́n fi òkúta aláàlà dí. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ fi òpó eérú tí kò ní ọnà kún iwájú àti ẹ̀yìn tiyín (Alt+D ni kí ẹ lò, kó má bàa wúwo), ẹ fi òrùlé àti fèrèsé náà sí i.

Fún oòrùn, ẹ lo àfikún Sun Position: 25.7 ní àríwá, 32.7 ní ìlà oòrùn. Ẹ ṣọ́ra: ojú ọ̀nà àárín tẹ́ḿpìlì kò kọjú sí ìlà oòrùn gan-an. Ó yẹ̀ sí gúúsù, bíi dígírì 117, síbi tí oòrùn ti ń yọ ní December. “Àríwá” àti “gúúsù” tí àwọn ìwé ń pè é jẹ́ ti inú tẹ́ḿpìlì, kì í ṣe ti kọ́ńpáàsì.

Tó bá ṣókùnkùn, ẹ gbé Exposure sókè. Ẹ má fi iná pa mọ́ sẹ́yìn òpó. Tó bá jẹ́ fídíò ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kó máa kó àwòrán PNG sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí iná tiwa kì í dágbére kó tó lọ. Ibi tó dúró lẹ ó ti máa bá a lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọ̀sán gangan, àwọn abala ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni kó bọ́ sára òpó àti sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngán wà ní àìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ pa oòrùn nìkan. Tí ohunkóhun bá ṣì mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ọ̀run, iná kan sá pa mọ́ síbì kan.

ÌPELE 7: Ẹ FI OHUN TÍ Ẹ MỌ̀ HÀN YÀTỌ̀ SÍ OHUN TÍ Ẹ RÒ

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní London Charter, wọ́n sì tún un ṣe ní 2009. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wo iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ lè mọ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ dé. Ẹ ṣe material (ohun tí Blender fi ń kun ojú nǹkan) mẹ́ta: àwọ̀ ewé fún ohun tó ṣì wà lára òpó náà gan-an, ìyeyè fún ohun tí ẹ mú lára òpó míì ní gbọ̀ngán kan náà tàbí ní Medinet Habu, pupa fún àbá yín. Ẹ fi wọ́n bo ẹ̀dà kejì òpó náà.

Ibí ni tábìlì yẹn ti wúlò. Ìlà kan fún apá kọ̀ọ̀kan: orúkọ apá, àwọ̀ tí ẹ fún un, fọ́tò tàbí àwòrán tó gbè é lẹ́sẹ̀, ọjọ́ tí ẹ pinnu. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó kọ ọ́ tí ẹ bá parí. Nígbà yẹn, ẹ ti gbàgbé ìdí tí ewé ìdí òpó fi jẹ́ búlúù.

Ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ máa ń fi ojú ti pupa. Tí pupa bá pọ̀ ní ìdí òpó, ó dára bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni iyọ̀ ti jẹ jù. Iṣẹ́ tí kò ní pupa rárá ni mo máa ń fura sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹlòmíì ní àwòrán tó rẹwà náà, kó fọwọ́ kan ibi márùn-ún tó bá wù ú. Ibi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì. Èyí tí kò bá ní, ẹ sọ ọ́ di pupa títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ so àwòrán méjèèjì pọ̀ mọ́ ojú kan, aláwọ̀ àti aláwọ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tó bá ń pín in.